Òkun Abẹ́ Kànga

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlélógún ni Fátúyì gbẹ́ kó tó kàn án.
Ilẹ̀ pupa ni láti òkè, pupa bí ìdí ìkòkò epo,
ilẹ̀ tí kòkó bàbá mi fẹ́ràn jù ní Ìtagúnmodì,
tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà, tó ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò,
tí ìyá mi fọ̀ títí tí kò kúrò.
Lẹ́yìn náà ni dígà dún. Kò dún gbì.
Ó dún gán-ín, bí ìgbà tí irin bá kí irin.
Fátúyì pariwo láti ìsàlẹ̀: "Ẹ fà mí sókè o,
ohun tó wà níhìn-ín kò fẹ́ àlejò."

Bàbá mi san ìdajì owó. Wọ́n jà.
Kànga tí kò lómi, ta ni yóò san án tán?
Fátúyì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọdún kejì ni obìnrin kan ti Yunifásítì Ifẹ̀ dé,
Ọ̀mọ̀wé Ìbídàpọ̀, pẹ̀lú òòlù kékeré lọ́wọ́.
Ó lá òkúta wa bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.
Ó fọ́ ọ̀kan. Inú rẹ̀ dúdú, ó ń dán, hóró rẹ̀ yọ gbọ̀ngbọ̀n.
Ó ní, "Gábúrò ni."
Bàbá mi ní, "Ṣé oyè ni, àbí àìsàn?"

Ó ní òkun wà níhìn-ín rí.
Ní Ìjẹ̀ṣà! Níbi tí ọkọ̀ ti ń gbé ẹja dídì wá bá wa,
níbi tí ìyá bàbá mi ti darúgbó láìrí ìgbì kan.
Ó ní ilẹ̀ ya sí méjì bí búrẹ́dì gbígbóná,
ooru ìsàlẹ̀ sì gba àárín rẹ̀ gòkè.
Apá kan tú jáde, ó rí omi, ó dì kíá, hóró rẹ̀ wẹ́wẹ́.
Apá kan kò jáde.
Ó lóṣòó sábẹ́ ilẹ̀ bí òṣómàáló
(bàbá mi wo Fátúyì, Fátúyì wo òkè),
kò kánjú, ó ń tutù díẹ̀ díẹ̀,
ẹgbẹ̀rún ọdún lé ẹgbẹ̀rún ọdún,
bí epo inú agolo ìyá mi nígbà ọyẹ́:
èyí tó wúwo rọ̀ sísàlẹ̀, ó di hóró,
èyí tó fúyẹ́ dúró lókè, ó mọ́ gaara.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ méjèèjì padà wá.
Kì í ṣe fún ìlàjà. Wọ́n kọlu ara wọn,
ìsàlẹ̀ òkun ká kò bí ẹní,
òkè ńlá sì dìde níbi tí ilé ẹ̀kọ́ wa wà.
Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lá a.
Ó lá orí, ó lá èjìká, ó lá àyà,
ó ku gbòǹgbò.
Orí gbòǹgbò òkè ni bàbá mi gbin kòkó sí.
Ilẹ̀ pupa yẹn, òkúta dúdú tó jẹrà ni.

Ó fi kún un pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kan kò gbà:
wọ́n ní fífà ni ilẹ̀ kàn fà, kò já,
pé kò sí òkun kankan níbẹ̀.
Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti jiyàn náà títí tó ti rẹ̀ ẹ́.

Bàbá mi dákẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní,
"A jókòó lórí òkun, a ń ra omi inú ọ̀rá."
Fátúyì dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀:
"Ṣé ẹ gbọ́? Mo gbẹ́ ẹ débi omi.
Ẹ̀yin lẹ pẹ́ kí ẹ tó dé."
Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ó sì san ìdajì tó kù.

A fi páànù bo kànga náà.
Èyí tí obìnrin náà fọ́ wà lójú fèrèsé mi ní Iléṣà,
mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀; ó wúwo ju bó ṣe rí lọ.
Lálẹ́ ọjọ́ tí a sin bàbá mi, mo lá a wò.
Kò níyọ̀.